Àgbàdo Eléèhá ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́, n kò sì ní purọ́ mọ́ ayé pé òun ló kọ́ mi. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi. Nínú agbo ilé wa ní Ọ̀rányàn, kò sí ẹni tí í bu omi mu láì kọ́kọ́ yọjú wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò sì sí obìnrin tí í fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná láì pe ọmọ tirẹ̀ kó wá jókòó tì í. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bó bá ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní ọ̀sán gangan: "Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani." Yóò wá so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró rẹ̀, yóò sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ nìkan kò tó. Ilé yìí kan náà sì ni ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè sùn lébi. Bí ìyá rẹ bá pẹ́ lọ́jà, abọ́ ẹlòmíràn ni wàá ti jẹun, wọn yóò wẹ̀ fún ọ, wọn yóò sì na ọ́ pẹ̀lú. N kò mọ bí ìfura àti ìfẹ́ ṣe ń gbé abẹ́ òrùlé kan, ṣùgbọ́n wọ́n gbé pọ̀ ní ilé wa láìjà.

Bí mo bá di ojú báyìí, tí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá gbà fún mi kí n sinmi díẹ̀, ìró ilé náà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ìpè àsùbáà láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ wa ni yóò ṣáájú, ikọ́ Ìyá Àgbà yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni omi ògì yóò máa ro láti inú asẹ́ Ìyá Sùlè sínú garawa. Ìyá Sùlè ni ìyálé ìyá mi. Ògì ló ń ṣe tà, òórùn ògì kíkan kò sì kúrò lára aṣọ wa, kódà aṣọ ọdún. Ìyá mi ni ìyàwó kékeré, ọṣẹ dúdú ni ó ń tà ní Ọjà'ba. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, bàbá mi yóò jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí télọ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí di ìgbà ìrun ọ̀sán. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣa ègé aṣọ tó ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan lábẹ́ tábìlì. Funfun wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé wà, aláwọ̀ aró wà, ańkárá oríṣiríṣi wà. Mo mọ inú apẹ̀rẹ̀ yẹn bí ẹní mowó. Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé apẹ̀rẹ̀ náà.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni Àǹtí Múní, àbúrò bàbá mi obìnrin, ti ìlú òyìnbó dé. Múníràtù ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé kò jẹ́ pè é lórúkọ, nítorí ọmọ ilé ni, ọkọ ni ó sì jẹ́ fún wọn bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. "Ọkọ mi Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè é, wọn a sì kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, àti ìyá mi tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ, àti Ìyá Sùlè tó ti ń kọ́ ọmọ ní ìrìn kí wọ́n tó bí i. Gbogbo ilé ti ń retí mọ́tò àti àpótí aṣọ. Ìwé ni Àǹtí gbé dé, àti awò kan tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí, àti ṣòkòtò kákí. Ṣòkòtò! Ìyá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun bu omi wá. Wọ́n ní ìjọba ti gbà á sí oko ìwádìí tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí kò ti sí obìnrin rí àyàfi àwọn tó ń tẹ ìwé àti àwọn tó ń gbálẹ̀.

"Kí lẹ lọ kọ́ gan-an, ọkọ mi?" Ìyá Sùlè bi í ní ọjọ́ kejì, bó ti ń po ògì lọ.

"Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, Ìyá Sùlè. Àrùn tí ń pa ohun ọ̀gbìn ni mo kọ́ nípa rẹ̀."

"Iṣẹ́ àgbẹ̀ tí bàbá yín ṣe títí tó fi kú, tí kò lọ iléèwé kankan, òun lẹ gun bàálù lọ kọ́?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Àwọn kan ní ọkọ òyìnbó ló fẹ́ tí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àwọn kan ní wọ́n lé e ni. Ìyá Àgbà tó bí i pàápàá kò gbè é. Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó sì gbé ojú sí ibòmíràn. Mo rántí pé èmi náà ń ṣọ́ ọ láti abẹ́ tábìlì bàbá mi, mo ń retí ìgbà tí ohun tó fi pamọ́ yóò yọ síta.

Ọdún yẹn náà ni àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí mú àgbàdo ní gbogbo oko tó yí Ìbàdàn ká. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ a gba gbogbo ojú ewé, ewé a dà bí ojú ẹni tó kọ àbàjà, igi àgbàdo a ràn mọ́lẹ̀, kò sì ní yọ ọmọ tó ṣe é jẹ. Ìyá Sùlè ń kígbe pé àgbàdo tí òun ń rà láti fi ṣe ògì ti di wúrà. Nígbà tí gbogbo àgbẹ̀ ń fa èyí tó ní àrùn tu tí wọ́n ń sun ún níná, Àǹtí Múní kó o wálé. Ó gbé e nínú agolo, tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó sì gbìn ín sí orí ààtàn àtijọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa. Àárín wọn ló wá gbin irúgbìn mìíràn sí, èyí tó kó wá nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Inú bí bàbá mi. Ó dá máṣíìnì dúró, ohun tí kì í ṣe.

"Múní, kí ni o gbé wálé yìí? Ṣé kò sí ilẹ̀ ní ibi iṣẹ́ yín ni?"

"Ilẹ̀ wà, Bùọ̀dá mi. Ọ̀gá ibẹ̀ kò fún mi ni. Ó ní kí n jókòó sí yàrá kí n máa fọ ìgò, pé obìnrin kò lè dúró nínú oko láàárín òjò àti oòrùn." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Kòkòrò kékeré kan ló ń gbé àrùn náà láti ara èyí tó ń ṣàìsàn lọ sí ara èyí tó yè. Mo fẹ́ kó gbé e wọ gbogbo wọn. Èyí tí àrùn kò bá rí mú nínú wọn ni mò ń wá. Bí mo bá rí i, tí mo gba irúgbìn rẹ̀, kò sí àgbẹ̀ tí yóò tún sun oko rẹ̀ mọ́, ọ̀gá yẹn kò sì ní lè ní kí n máa fọ ìgò."

Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí tẹ máṣíìnì. Bí Àǹtí ṣe gba ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi àti bàbá mi nìkan la gbọ́ àlàyé náà. Ohun tí ilé yòókù rí ni pé obìnrin kan tó ti ìlú òyìnbó dé kó àgbàdo olójòjò wọlé, ó sì ń bu omi rin ín.

Nígbà tí àgbàdo náà ga, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi pépà bò ó. Ó bo òdòdó orí rẹ̀, ó bo irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí ọmọ àgbàdo ń yọ. Láàárọ̀, yóò ṣí pépà orí ọ̀kan, yóò gbọn lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sí irun òmíràn, yóò sì tún dè é pinpin. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ wò ó, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wo àgbàdo eléèhá! Múníràtù, ta ni o ń bo ojú rẹ̀ mọ́?"

"Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Lẹ́búlẹ́bú òkè ni akọ, irun yìí ni abo. Mi ò fẹ́ kí akọ tí mi ò mọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo máa mú ọkọ wá fún un."

"Ìwọ tí o kò tí ì mú ọkọ wá fún ara rẹ?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Ó wà lára àwọn ọjọ́ tó dùn jù ní ọdún yẹn, n kò sì rò pé a tún rẹ́rìn-ín báyẹn ní ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a bá pépà nílẹ̀. Ẹnì kan ti ya ọmọ àgbàdo méjì lọ. Àǹtí ṣa pépà náà jọ. Ká ní ó pariwo, ká ní ó ṣépè, ọkàn wa ì bá balẹ̀, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé yóò ṣe nìyẹn. Ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà, ó ní kí n fa apẹ̀rẹ̀ ègé aṣọ jáde. Ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣà. Kò mú funfun. Kò mú àwọ̀ ewé. Nígbà tí pupa tó wà lókè tán, ó da apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀, ó sì wá pupa tó wà nísàlẹ̀.

"Àǹtí, aláwọ̀ aró pọ̀ níbí o," mo ní.

"Fi í sílẹ̀. Pupa ni mo fẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi dá àwọn tó dára mọ̀ ni." Kò wo ojú mi.

Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ ohun tí àkísà pupa ń sọ lára ohun ọ̀gbìn. Bí o bá rí i lára ìdì igi lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí lórí iṣu tí kò ní olùṣọ́, ààlè ni. Olóhun kò sí nítòsí, ṣùgbọ́n ó ti fa ẹni tó bá jí i lé ohun tí ojú kò rí lọ́wọ́. Mùsùlùmí ni wá o, bàbá mi kì í sì í jẹ́ kí ìrun kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀ n kò rí ẹnì kan tó gba ẹ̀gbẹ́ àgbàdo náà kọjá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn láìkó ìró rẹ̀ jọ. Ìyá Àgbà ló sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ti ń fọ ẹnu: "Ààlè ojú ọ̀nà, àlejò ló ń bá wí. Ààlè inú ilé ńkọ́, ta ló ń bá wí?" Nítorí àwa nìkan la wà níbẹ̀. Ẹni tó bá so àkísà pupa mọ́ ohun tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ti pe ọmọ ìyá rẹ̀ lólè. Kò sì sí ẹni tó bi Àǹtí léèrè bóyá ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn. A kì í béèrè irú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ni wọn yóò sọ pé ẹ̀rù ń bà.

Ilé yí padà. Àwọn obìnrin ń fi igi tú ààtàn ara wọn bóyá wọn yóò rí ṣúkù àgbàdo. Ìyá Sùlè ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, nítorí àgbàdo ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi Kùránì búra níwájú gbogbo ènìyàn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó búra. (Mo ṣì ń fura sí i títí di òní. Ó ti lọ sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, kí Ọlọ́run forí jì í, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gba ìfura yẹn lọ́wọ́ mi.) Láti ìgbà tó ti búra tán ló ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún ẹni tó bá wá ra ògì pé ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, ebi kì í jẹ́ kó gbádùn. Ìyá mi nìkan ló ń fún ọmọ lọ́mú nílé wa. Ìyá mi gbọ́. Èmi ló fà lọ́wọ́ wọ yàrá. "Sídí, ẹni a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo pa ara kó jókòó sídìí iná. Má jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ ní ẹ̀yìnkùlé yẹn."

Kò pẹ́ sí i ni ara Gàníyù, àbúrò mi tó wà lọ́mú, bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́. Nígbà tó yá, nǹkan pupa wínníwínní yọ sí i láti ẹ̀yìn etí dé ìdí. Ìyá Sùlè ṣí aṣọ ọmọ náà wò, ó sì fi ọwọ́ lé àyà.

"Pupa! Ẹ ò rí i bó ṣe pọ́n? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ìyálé mi, ọmọ mi kò kú!" Ìyá mi kígbe. "Ọmọ mi kò ní kú!"

"Èmi kò ní yóò kú. Ohun tí ìyá jẹ, ọmú ni ọmọ ti ń mu ún. Ìyẹn ni mo sọ."

Ṣé ẹ mọ ohun tó burú jù níbẹ̀? Èmi náà gbà á gbọ́. Mo wo ẹnu ìyá mi, mo ń wá àgbàdo níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàdúrà pé, bó bá jẹ ẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lẹ́yìn ìrun àlásárì, Ìyá Àgbà pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìyá mi kúnlẹ̀ sí àárín pẹ̀lú Gàníyù lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi jókòó síbi máṣíìnì, okùn ìwọ̀n aṣọ lọ́rùn rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà sọ kò gùn. Ó ní kí ìyá mi gbé ọmọ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n wá ètùtù ààlè náà lọ́hùn-ún. Èmi yóò dúró, nítorí ọmọ ilé ni mí. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé obìnrin tó bá fi orúkọ olè jáde nílé ọkọ kì í padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, Ìyá Sùlè sì ní kí n dákẹ́.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Múní ti ibi iṣẹ́ dé bá wa, ẹrẹ̀ ní bàtà rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ fún un. Ìyá mi gbé orí sókè, ó sì sọ ohun tí ìyàwó kì í sọ sí ọmọ ilé.

"Ọkọ mi Akọ̀wé, mo kúnlẹ̀ síwájú yín. Mi ò jẹ àgbàdo yín. Ṣùgbọ́n àrùn lẹ kó wálé tí ẹ ń bu omi rin, ọmọ mi ló sì ń ṣàìsàn. Ṣé èmi nìkan ni wọ́n lè bi léèrè nínú ilé yìí?"

Àǹtí wo ìyá mi, ó wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kì í ṣe ààlè," ó ní. "Mo so ó kí n lè dá wọn mọ̀ ni. Àrùn àgbàdo kì í mú ènìyàn. Èéyi ló mú ọmọ yìí, ó wà káàkiri Màpó àti Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ọsibítù ni kí a gbé e lọ."

"Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Múníràtù, èmi ni o fẹ́ sọ fún pé àkísà pupa kì í ṣe ààlè?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n já ọ̀kan, kí n jẹ ẹ́ níwájú yín."

"Ààlè kì í mú ẹni tó fi í lélẹ̀," Ìyá Sùlè ní. "Ìyàwó ni kó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin sì kọ́ lẹ máa mú u. Èmi ni mo máa nàka sí i."

Gbogbo wa tẹ̀ lé wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àgbàdo náà ti ràn, ìlà funfun ti gba gbogbo ewé wọn. Díẹ̀ ló ní àkísà lára. Láàárín àwọn díẹ̀ náà, ọ̀kan dúró gbọin, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò sí ìlà kan ṣoṣo lára rẹ̀. Òun ni Ìyá Sùlè nàka sí.

"Ìyá Sùlè, ẹ dákun," Àǹtí ní, "ẹ mú òmíràn. Kò tí ì gbó. Bí mo bá já a báyìí, kò ní ṣe é gbìn. Ẹ mú òmíràn fún mi."

Ìgbà tó bẹ̀bẹ̀ yẹn ni ojú gbogbo ilé là. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń mi orí: àbí ẹ ò rí i, ibi tí oògùn wà nìyẹn. Ìyá mi pàápàá tẹjú mọ́ ọn. Àǹtí wo gbogbo wa, ó wò mí. Ó tú àkísà pupa náà, ó já pépà, ó sì ya ọmọ àgbàdo náà. Orí iná ògì Ìyá Sùlè ló ti sun ún, ó dá a sí méjì, ó jẹ tirẹ̀, ó sì na ìdajì sí ìyá mi. Ìyá mi ṣe bísímílà, ó jẹ ẹ́ pátá láìmí. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ajá gbó lójúde, ẹnì kan kọjá lọ ń polówó omi. Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó ní, "Ẹ fún mi díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa mí ti pẹ́," ó sì fi eyín tó kù ú kù bó o jẹ. "Ó dùn," ó ní. Kò tún sọ̀rọ̀ Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ mọ́. Bàbá mi padà sídìí máṣíìnì. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti tú ká, mo rí Àǹtí tó mú ṣúkù náà nínú eérú, ó nù ún, ó sì mú un wọ yàrá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé Gàníyù lọ sí ọsibítù, ara ọmọ náà sì balẹ̀ nígbà tó yá.

Kí a tó sùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jẹ àgbàdo yẹn, mo sọ ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ fún ìyá mi: pé aláwọ̀ aró pọ̀ níbẹ̀, funfun wà, pupa nìkan ni Àǹtí ṣà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọmọ Ọ̀rányàn ni. Ẹni tó mọ àrùn lójú ewé, ṣé àkísà pupa ni kò ní mọ̀? Pa ẹnu rẹ mọ́."

Ẹ̀rù ààlè ti kúrò lójú gbogbo ilé, àwọn ọmọ sì ti ń dòòyì yí àgbàdo tó kù ká. Nígbà tí mo jí, mo bá ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀, igbá ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò lọ sí Ọjà'ba mọ́. Oníbàárà tó bá fẹ́ ọṣẹ ń wá bá a níbẹ̀. Ó lé ewúrẹ́, ó lé ọmọ Ìyá Sùlè, ó lé èmi náà. Mo bi í pé kí ló ń ṣọ́. Ó ní, "Tí ọ̀kan bá tún sọnù, orí ta ni wọ́n máa gbé e lé?" Bí Àǹtí bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá mi yóò sì kúnlẹ̀, yóò ní, "Kò tọ́pẹ́, ọkọ mi." Báyẹn ló ṣe títí àgbàdo tó kù fi gbó, tó gbẹ, tí Àǹtí fi gba irúgbìn rẹ̀. Irúgbìn yẹn ni ó gbé dé iwájú ọ̀gá rẹ̀, kò sì fọ ìgò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá mi ti kú. Àǹtí Múní wà, ọ̀pá ló fi ń rìn, ìyókù àgbàdo ẹ̀yìnkùlé wa sì ti bímọ kún oko tí n kò lè dé. Láìpẹ́ yìí, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n pè é ní aṣáájú, obìnrin àkọ́kọ́. Ó sọ fún wọn pé ẹ̀yìnkùlé bàbá òun ni òun ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Kò dárúkọ ìyá mi. Inú bí mi gan-an. Mo wọ mọ́tò láti Mọ́lété, mo lọ bá a nílé rẹ̀, n kò tilẹ̀ jẹ́ kó bi mí ní àlàáfíà ọmọ.

"Àǹtí, nínú apẹ̀rẹ̀ bàbá mi, kí ló dé tó jẹ́ pupa nìkan lẹ mú?"

Ó wo ojú mi. "O ṣì rántí apẹ̀rẹ̀."

"Mo rántí."

"Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, Sídí. Pépà kò dá wọn dúró, mi ò sì ní ibòmíràn tí mo lè gbìn ín sí. Mo ní kí n dẹ́rù ba olè. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí kò jalè ni wọ́n máa mú." Ó fi ọwọ́ pa ọ̀pá rẹ̀ lórí. "Èyí tí a jẹ yẹn ló dára jù. Mi ò tún rí irú rẹ̀ mọ́. Mo ní ìyẹn ni ìyà mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ẹnu mi ò gbà á títí tó fi lọ. Báwo ni mo ṣe lè dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn láìsọ ìyókù? Ṣé kò fura sí mi ṣá?"

"Ó mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sọ fún un. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Kó tó gbé àpótí lọ sí ẹ̀yìnkùlé?"

"Kó tó gbé e lọ."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ó mọ̀," ó ní, "ó sì bá mi ṣọ́ ọ." Ó tún un sọ, ẹkún sì gbà á. Ìjà ni mo bá wá, mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé. Mo kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá ẹkún náà dénú, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo sún mọ́ ọn, mo fi etí ìró mi nu omi ojú rẹ̀. Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́, ṣùgbọ́n mo gba ẹkún yẹn gbọ́.